Ra Ilé, Gba Àgbò

Èmi ni mo ronú kan ọ̀rọ̀ tí a kọ sára báńà náà. Ọkọ mi fẹ́ kí a kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ní àwọn tó lówó ilé lọ́wọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń kà. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà lè kà á tán kí ọ̀kadà tó kọjá. "Ra ilé kan, gba àgbò Iléyá kan lọ́fẹ̀ẹ́." Ẹni tó ń tẹ báńà nítòsí gáréèjì Kàbà ló bá wa tẹ̀ ẹ́. Ó fi àwòrán àgbò sí apá ọ̀tún, ó fi àwòrán ilé wa sí apá òsì, àgbò náà sì ga ju òrùlé lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó títí, ó ká a, ó fi í sábẹ́ apá, ó ní, "Bí wọ́n bá ti lè rí àgbò náà láti ojú ọ̀nà, ó ti tó."

Tíṣà ni mí. Mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Kàbà àti àwọn abúlé ìtòsí rẹ̀ títí mo fi di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ipò yẹn ni mo sì wà tí mo fi fẹ̀yìn tì. Títí di òní, "Ìyá Tíṣà" ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, ọkọ mi pàápàá. Òun ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ilé kíkọ́ lábẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja. Ó mọ búlọ́ọ̀kù, ó mọ páànù, ó lè fi ojú lásán wo ògiri kó sọ ibi tó ti wọ́. Mùsùlùmí ni wá; àwọn baba rẹ̀ ti ń ṣòwò iyọ̀ àti aṣọ ní Kàbà kí wọ́n tó bí baba tó bí i. Ilé tí a ń gbé nínú ìlú, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, bí owó oṣù bá ṣe gbà. Ibẹ̀ la ti tọ́ àwọn ọmọ wa dàgbà. Ọmọbìnrin wa àgbà ń gbé ní Àbújá báyìí, àwọn méjì yòókù ti kọjá sí òkè òkun.

Nígbà tí àwa méjèèjì fẹ̀yìn tì tán, owó tí ìjọba san fún wa, tí a dúró dè títí ara fi ń ro wá, a kó o pọ̀ sójú kan. Ọkọ mi ní ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Ìyàrà, tó ti rà nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko káṣú. Ó ní òun fẹ́ kọ́ ilé mẹ́fà síbẹ̀, oníyàrá mẹ́ta-mẹ́ta, kí a sì tà wọ́n. Ìrònú rẹ̀ kò burú nígbà yẹn. Ọmọ Okun ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá apá Kàbà, nítorí "okun o" la fi ń kí ara wa. Àwọn ọmọ Okun tó wà ní Àbújá àti Kàdúná àti Èkó, gbogbo wọn ló fẹ́ ní ilé sílé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò pé kó bá àwọn kọ́ ọ, owó náà kì í dé orí òrùlé. Ọkọ mi ní bí ilé bá ti wà nílẹ̀, tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ nìkan ló kù kí èèyàn gbà, wọn yóò máa dù ú ni.

Wọ́n sì kọ́kọ́ fẹ́ dù ú. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àbújá wá sílé nígbà Kérésì, ó dúró sórí ìpìlẹ̀ ilé kejì pẹ̀lú bàtà tó ń dán, ó ní, "Àlàájì, èyí tèmi ni o. Ẹ má tà á fún ẹlòmíràn." Ọkọ mi mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ orúkọ rẹ̀ sára búlọ́ọ̀kù. Ẹlòmíràn mú ìkarùn-ún. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ mi jẹun ju bó ṣe máa ń jẹ lọ.

A kò tíì kan páànù tán tí nǹkan fi bàjẹ́. Àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ní tọ̀sán-tọ̀sán. Owó epo bẹ́ sókè. Sìmẹ́ńtì tí a rà fún ilé kìíní, nígbà tí a ó fi dé ilé kẹfà, owó rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn. Àwọn tó ń wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kò wá mọ́. Bí òkú bá kú, wọ́n á fi owó ránṣẹ́, wọ́n á sì wo ìsìnkú lórí fóònù. Ọ̀gbẹ́ni tó ni ilé kejì pe ọkọ mi. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn náà bó ṣe ń jáde. Ó ní, "Àlàájì, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ọ̀nà yẹn ń ba ìyàwó mi. A ti ra ibi kékeré kan síbí." Ọkọ mi ní kò sí wàhálà. Ó gbàdúrà fún un, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó lọ fi omi nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lára ògiri. Ẹni ilé karùn-ún kò tilẹ̀ pè.

Ọdún kan kọjá báyìí, èkejì tẹ̀ lé e. Ilé mẹ́fà dúró gbagidi lójú ọ̀nà, wọ́n ń wò wá, àwa náà ń wò wọ́n. Èèyàn a máa rò pé bí ilé bá ti wà ní títì, kò ní bàjẹ́. Irọ́ ni. Eruku ọyẹ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ikán mu férémù. Àwọn àdán wọ inú òrùlé ilé kẹfà, òórùn wọn sì wọ inú ògiri. A kùn wọ́n ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà yẹn ni a lọ pe alágbàtà. Ọkùnrin kan ni tó ti fi ọkọ̀ ta oògùn aràn láti ìlú dé ìlú rí, tó ní gbohùngbohùn méjì lórí ọkọ̀ rẹ̀, kó tó di ẹni tó ń bá èèyàn ta ilé àti ilẹ̀. Ó rìn yí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká, ó fi ọwọ́ gbá ògiri, ó ní, "Àlàájì, ilé dára. Ṣùgbọ́n ọjà ilé ti kú. Bí ọjà bá ti kú báyìí, ẹ̀bùn la fi ń jí i." Ọkọ mi bi í pé irú ẹ̀bùn wo. Ó ní ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú táǹkì omi.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú táǹkì omi: ẹni tó bá ra ilé, a ó gbé táǹkì ńlá lé e lórí lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ alágbàtà ń kígbe rẹ̀ káàkiri Kàbà, ó lọ sí Ìyàrà, ó lọ sí Mọ̀pà, ó dé Ìsánlú ní ọjọ́ ọjà. Èèyàn mẹ́rin pè wá. Àwọn mẹ́ta ń bi wá èló ni a ń ta táǹkì nìkan.

Lẹ́yìn èyí ni a ṣe ọjọ́ ìfihàn. Alágbàtà ní kí a ta kánópì, kí a se oúnjẹ, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọ ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò gba bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, tí a tẹ àwòrán ilé sí lára. Èmi àti àwọn obìnrin mẹ́rin la se ìrẹsì náà. Àwọn èèyàn wá o. Inú mi dùn nígbà tí mo rí wọn, mo ń sáré láti ilé kan sí ìkejì, mo ń fi kíṣìnnì hàn wọ́n, mo ń fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ omi tí kò ní omi nínú. Obìnrin kan mú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lọ yí ìborí padà, ó tún wá gba òmíràn. Mo dá a mọ̀, mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹta. Ó dìrọ̀lẹ́, wọ́n jẹun tán, wọ́n lọ. Ọkọ mi jókòó sábẹ́ kánópì nìkan, ó ka àwọn fọ́ọ̀mù tí a ní kí àwọn tó bá fẹ́ rà kọ orúkọ sí. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lẹnì kan kọ nǹkan sí. Ohun tí ẹni náà kọ ni pé ata pọ̀ jù nínú ìrẹsì.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, Iléyá ń bọ̀, a kọ báńà àgbò. Ọkọ mi ra àgbò méjì sílẹ̀, ó so wọ́n mọ́ iwájú ilé kìíní kí àwọn tó ń kọjá lè rí i pé a kò purọ́. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n wo àgbò, wọ́n yin àgbò. Iléyá dé, a pa ọ̀kan, a pín ẹran fún aládùúgbò. Èkejì ṣẹ́ kù. Alágbàtà ní kí a má pa á, ó ní ilé lè tà lọ́jọ́ kẹta. Mo mú un lọ sí ilé wa nínú ìlú, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn kíṣìnnì, èèpo iṣu ni mo fi ń bọ́ ọ.

Èyí tó wá dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀bùn wọ̀nyẹn ni ti "Wá gbé e wò." Ìrònú alágbàtà náà ni. Ó ní kí a jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ rà wá gbé inú ilé fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́, pé bó bá ti sùn níbẹ̀, tó ti jí níbẹ̀, kò ní lè lọ mọ́. Bàbá kan wá láti Ìsánlú. Ó wọ agbádá, ó kí wa dáadáa, ó ní òun fẹ́ ilé kìíní, òun kàn fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe rí. A gbé bẹ́ẹ̀dì wa kan lọ síbẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ Ẹtì, bọ́ọ̀sì mẹ́ta dé. Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ ṣe ní Kàbà, ó ń wá ibi tí àwọn àna rẹ̀ máa wọ̀ sí. Wọ́n lo ilé mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n lọ ní ọjọ́ Àìkú, ṣalángá ti kún, ilẹ̀kùn kan ti yọ, wọ́n dá iná igi sórí táìsì pálọ̀. Bàbá náà bá ọkọ mi bọwọ́, ó ní, "Ilé yín dára, Àlàájì. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára gan-an." Èmi àti ọkọ mi la kúnlẹ̀ fi omi ọṣẹ fọ táìsì náà. Dúdú tó wà níbẹ̀ kò lọ. Ọkọ mi ń fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́, mo ní, "Àlàájì, ó tó." Ó tún bu omi ọṣẹ sí i. Mo rí i pé omijé ń kán láti orí imú rẹ̀, mo sì yí ojú mi sí fèrèsé kó má baà mọ̀ pé mo rí i.

Ọmọ wa obìnrin ní Àbújá gbìyànjú tirẹ̀. Ó ní kí n dúró síwájú ilé, kí n sọ̀rọ̀, kí ẹnì kan fi fóònù ya mí, òun máa pín in fún gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ Okun tí òun wà nínú rẹ̀. Mo wọ léèsì aláwọ̀ ewé mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ wa, okun o. Èmi ni Ìyá Tíṣà yín. Ilé ń dúró dè yín. Ẹ wá sílé." Mo rẹ́rìn-ín bí ó ṣe ní kí n rẹ́rìn-ín. A yà á lẹ́ẹ̀mẹjọ, nítorí àgbò kan ṣáà ń ké níbi kan. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa san owó ìtúsílẹ̀ tí wọ́n bá jí wa gbé?" Ọ̀pọ̀ èèyàn fi ẹ̀rín sí i.

Ní ọjọ́ kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan pè mí. Ó ti di àgbà, ó ń gbé Kàdúná. Ó kí mi pẹ́, ó bèèrè ara mi, ó bèèrè Àlàájì. Ó wá ní, "Ìyá Tíṣà, mo rí yín lórí fóònù. Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan o. Ilé la ń tà."

Ó ní, "Ó yé mi, ìyá. Ó yé mi." Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tó gbé fóònù sílẹ̀ ni owó wọlé sí àkáǹtì mi, ó kọ ọ́ sí i pé kí n fi ra ọbẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí nínú kíṣìnnì. Ẹni tí mo ti lù ní ẹgba rí nítorí pé kò ní pẹ́ńsùlù. Mi ò dá owó náà padà. A nílò rẹ̀.

A nílò rẹ̀ nítorí ojú ọkọ mi. Dókítà tó wò ó ní Ìlọrin ti sọ fún wa pé ìfúnpá omi inú ojú náà ti ga jù, pé bí kò bá ń kán oògùn lójoojúmọ́, ìwọ̀nba tó ń rí yìí máa lọ. Oògùn náà wọ́n bí wúrà. Owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù a máa dé lóṣù kan, a sì máa pa oṣù méjì jẹ.

A ti já owó ilé wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi tó owó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ mọ́, nígbà tí obìnrin kan ará Iffe dé. Ọjọ́ Sátidé ni, òun àti ìyá rẹ̀ àgbàlagbà, alágbàtà ló sì mú wọn wá. Aṣọ ọmọdé ni obìnrin náà ń tà ní Àbújá. Ìyá rẹ̀ ti ń dá gbé ní Iffe, ní ilẹ̀ Ìjùmú, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kò lè lọ sóko dáadáa mọ́ níbẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba ọmọ. Ó fẹ́ ra ilé fún ìyá rẹ̀ ní Kàbà, níbi tí ilé ìwòsàn wà nítòsí. Kì í ṣe ẹni tó wá jẹ ìrẹsì. Ó ní ìwé lọ́wọ́, ó ń bi ọkọ mi ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání, lórí omi, lórí ṣalángá, lórí ìwé ilẹ̀. Mo rí ọkọ mi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń nà. Ìyá náà tẹ̀ lé wa wọ ilé kìíní, ó wọ ìkejì, ó wọ ìkẹta. Nígbà tí a dé ìkẹrin, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ sílé wa, kí ìyá lè mu omi, kó jẹ nǹkan díẹ̀.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ igi máńgòrò wa, lẹ́bàá kíṣìnnì. Mo gbé omi fún un, mo wọlé lọ yọ mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí mo fi jáde, obìnrin méjì tó ń bọ̀ láti ibi kànga ti dúró níbi ọgbà, wọ́n ní, "Okun o, ìyá," ó dá wọn lóhùn, ọ̀kan nínú wọn sì mọ àbúrò rẹ̀ tó kú. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin náà lọ, ó fi èdè Ìjùmú sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ibí yìí ni òun máa gbé.

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámi, ilé onílé nìyí. Àwọn tí a wò lọ́hùn-ún ni wọ́n ń tà."

Ìyá náà ní, "Mi ò rí ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún. Ta ni mo máa kí ní àárọ̀?"

Alágbàtà ń wo fóònù rẹ̀. Obìnrin náà wò mí, ó wo ilẹ̀, ó tún wò mí. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ṣé ẹ lè ta èyí?"

Kí n tó la ẹnu, ọkọ mi ní, "Èló lo fẹ́ san?"

Àwo mọ́ínmọ́ín wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e kalẹ̀ síwájú wọn, mo ní kí wọ́n bu omi fọwọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo ní, "Àlàájì, ilé wa kọ́ la ń tà."

Ó ti ń kán oògùn sójú, orí rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò lè wò mí. Ó ní, "Ìyá Tíṣà, èwo la ń tà nígbà náà? Láti ọjọ́ tí a ti ń kígbe, ẹni kan ṣoṣo tó mú owó wá nìyí."

"A ti pẹ́ níbí ju bí a ṣe pẹ́ níbikíbi lọ."

"Mo mọ̀."

"Ìwọ lo kọ́ ọ."

"Mo mọ ẹni tó kọ́ ọ." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó nu ojú rẹ̀, ó gbọn ìgò oògùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Sọ pé kí n má tà á, mi ò ní tà á."

Mi ò sọ pé kó má tà á. Mi ò sì sọ pé kó tà á. Mo dìde, mo lọ ká aṣọ tí mo sá. Títí di òní, bí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, ohun tó ń dùn mí kì í ṣe pé ó tà á. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́, mo sì lọ ká aṣọ.

A fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan nínú ìlú. Nígbà tí a parí, tí a ṣe àdúrà, obìnrin náà yí sí mi, ojú sì ń tì í díẹ̀. Ó ní, "Ìyá, àgbò ńkọ́? Mo kà á lára báńà." Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Alágbàtà wo ilẹ̀. Ọkọ mi ní, "Ẹ̀tọ́ yín ni. Àti táǹkì náà." Wọ́n kò tilẹ̀ mú àgbò lọ sí ibì kankan, inú ọgbà kan náà ló wà. Èmi ni mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí a kó kò pọ̀ bí mo ṣe rò. Ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù kan kó o lẹ́ẹ̀mẹta. Ọlọ mi nìkan ni a kò lè gbé. Nígbà tí mo bí àkọ́bí wa ni ọkọ mi fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n mọ́lẹ̀ nínú kíṣìnnì, kí n lè máa lọ ata láìbẹ̀rẹ̀ jù, torí ẹ̀yìn ń dùn mí. Ìyá àgbàlagbà náà rí mi bí mo ṣe dúró tì í. Èèyàn dáadáa ni. Ó ní, "Máa wá lọ ata rẹ níbí. Ìgbàkúùgbà tó bá wù ọ́ ni kí o wá." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lọ rí.

Ilé kìíní ni a kó sí, níbi tí dúdú iná wà lórí táìsì. A tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e. Nínú ìlú, láti ìgbà tí mo bá ti kí ìrun Àsùbá tán, mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn, mo ti ń gbọ́ "okun o" láti ìta, mo sì ń dáhùn láìmọ ẹni tó kí mi. Níbí, ọkọ̀ tó ń sáré lọ sí Ìyàrà nìkan ni. Bí ọkọ mi bá wúkọ́ nínú yàrá, mo lè gbọ́ ọ lára ògiri ilé kejì.

Owó ilé náà ra oògùn, ó san owó àyẹ̀wò ní Ìlọrin, ó tún òrùlé ilé kẹfà ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, a ṣì ń tún wọn ṣe. Alágbàtà wá wò wá, ó ní ohun tó ba ọjà wa jẹ́ ni pé kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbé ibì kan. Ó ní kí a jẹ́ kó dà bíi pé èèyàn wà nínú gbogbo wọn. Láti ìgbà yẹn ni ọkọ mi ti ní kí n máa pín aṣọ wa sá: bùbá sẹ́yìn ilé kejì, ìró àti gèlè sẹ́yìn ìkẹta, ṣòkòtò rẹ̀ sẹ́yìn ìkarùn-ún. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà mo ń ṣe é. Bó bá fẹ́ rọ̀, mo máa ń sáré láti ilé dé ilé, ọmọ ọdún mélòó ni mí? Oníkáṣú kan gba ìkẹrin fún oṣù mẹ́ta, ó kó àpò káṣú kún un dé àjà. Òun nìkan ni ayálégbé tí a ní.

A kò sọ fún ọmọ wa ní Àbújá títí a fi kó tán. Ọkọ mi ló ní kí n má sọ. Nígbà tó gbọ́, ó sunkún lórí fóònù, ó bínú, ó tó oṣù kan kó tó tún pè. Lẹ́yìn náà ló wá. Ojú ọjọ́ mọ́, òwúrọ̀ ni. Ó dúró sínú ọkọ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo àwọn ilé náà. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó wá ní, "Mọ̀ọ́mì, ẹ ti rí ẹni rà wọ́n ni? Mo rí aṣọ lẹ́yìn wọn."

Mo ní, "Aṣọ wa ni."

Kò tètè yé e. Nígbà tó yé e, ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ilé kejì, ó ká bùbá mi. Ó lọ sẹ́yìn ìkẹta. Mo tẹ̀ lé e, a jọ ká gbogbo rẹ̀. Aṣọ náà kò tíì gbẹ.

Ó lo ọjọ́ méjì. Ó bẹ baba rẹ̀ pé kí a bá òun lọ sí Àbújá, pé yàrá kan wà lọ́dọ̀ òun, pé kó jẹ́ kí dókítà tó sàn wo ojú rẹ̀. Baba rẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Bí ẹni tó fẹ́ rà bá dé, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún un?"

Ọmọ náà ní, "Dádì, ta ló ń bọ̀?"

Àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, a sìn ín dé ẹ̀bá ọ̀nà, ọkọ̀ rẹ̀ lọ, a ń wò ó títí ó fi yí kọ́nà. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú nítorí pé ojú rẹ̀ kò rí ilẹ̀ dáadáa mọ́. A rìn padà bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a dé iwájú ilé kejì, ó dúró, ó ní kí n bá òun wá kọ́kọ́rọ́, òun fẹ́ ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Mo ní kò sí ẹni tó ń bọ̀ lónìí. Ó ní òun mọ̀. Mo wá kọ́kọ́rọ́ fún un.